Iṣẹ́ kẹ́à ní ìlú ọba: níbo ni másùnmáwo àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ti ń wá?

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ físà kẹ́à ti tún gbòde kan láàárín àwa Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹbí wa nílé. Oṣù náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá jáde pé ẹni tó fi iṣẹ́ kẹ́à wọ ìlú lè ní láti lo ọdún 15 kó tó lè bèèrè fún àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé, dípò ọdún márùn-ún tó wà nílẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Bí ìròyìn náà ṣe jáde báyìí ni àwọn kan ti ń pariwo pé físà kẹ́à ti kú. Àwọn kan ní wọ́n ti fẹ́ máa dá èèyàn padà sílé. Àwọn mìíràn ní ìhalẹ̀ lásán ni.

Nínú gbogbo ariwo yìí, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Kí ló ń ṣe sí ara àti ọkàn ẹni tó ń ṣe é? Kí ló dé tí ẹni tí iṣẹ́ ń pa lára kì í fi í lè là á mọ́ máníjà rẹ̀ lójú? Ọ̀rọ̀ físà àti ọ̀rọ̀ másùnmáwo níbi iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

## Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí?

Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti ní òṣìṣẹ́ tó láti tọ́jú àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ló sọ ọ́ di iná ọmọ ọrara. Nígbà tí wọ́n jáde kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀nà tí àwọn ará Poland àti Romania ń gbà wọlé wá ṣiṣẹ́ láìgba físà dí ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Àrùn kòrónà sì ti tán àwọn tó kù lókun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ṣọ́ọ̀bù lọ, níbi tí owó ti pọ̀ díẹ̀ tí kò sì sí òkú ní gbígbé. Nígbà tó fi máa di 2021 sí 2022, àjọ Skills for Care, tó máa ń ka àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní England, ṣírò pé àyè iṣẹ́ tó ṣófo tó bí 165,000.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí wọ́n fi iṣẹ́ kẹ́à kún àwọn iṣẹ́ tí èèyàn lè torí ẹ̀ gba físà. Èrò sì rọ́ wọlé lóòótọ́. Ní ọdún ìṣirò 2023 sí 2024 nìkan, àwọn tó ti òkè òkun wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní England tó bí 105,000. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá jù, pẹ̀lú Íńdíà àti Zimbabwe. Tíṣà wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ta mọ́tò, àwọn mìíràn ta ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í padé díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà kẹ́à kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òde. Àwọn tó ti wà nínú ìlú ṣì lè máa bá iṣẹ́ lọ, kí wọ́n sì tún físà wọn ṣe. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ti inú físà mìíràn bọ́ sí ti kẹ́à ń lọ dé oṣù Keje ọdún 2028. Nítorí náà, ẹni tó ní físà náà ti kú sọ òótọ́ nípa ẹni tó wà ní Ìbàdàn, kò sọ òótọ́ nípa ẹni tó wà ní Leeds.

Àbá oṣù Kọkànlá ló wá gorí gbogbo ìyẹn. Ìjọba ní òun fẹ́ kó kan àwọn tó ti wà nílùú ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì gba àṣẹ ìgbé-ayé títí láé. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó: ẹni tó wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà náà, ọdún 2027 ló fojú sí. Bí àbá náà bá dé orí rẹ̀, ó di 2037, á ti pé márùndínlọ́gọ́ta. Gbogbo àárín ìgbà yẹn, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò máa di ìwé rẹ̀ mú. Gbólóhùn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

## Ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní kẹ́à?

Rárá. Ilé ìtọ́jú wà, níbi tí ọgbọ̀n tàbí ogójì arúgbó ń gbé pọ̀, tí òṣìṣẹ́ ń fi ṣíìfù wákàtí méjìlá-méjìlá rọ́pò ara wọn. Iṣẹ́ ojúlé wà, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń ti ilé kan lọ sí ìkejì láti wẹ arúgbó, láti fún un lóògùn, láti se oúnjẹ fún un. Ó sì tún wà níbi tí àwọn aláàbọ̀ ara tàbí àwọn tí ọpọlọ wọn kò yára ń dá gbé, tí òṣìṣẹ́ wà pẹ̀lú wọn tọ̀sán-tòru.

Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n owó káńsù ni púpọ̀ nínú wọn ń ná. Ohun tó máa ń rú àwọn ará ilé lójú nìyẹn, nítorí wọ́n rò pé ìjọba ló gba ọmọ wọn síṣẹ́. Ìjọba fúnni ní físà, aládàáni ń gbani síṣẹ́, káńsù ń sanwó. Bí nǹkan bá bàjẹ́, oníkálukú á nawọ́ sí ẹnì kejì.

## Másùnmáwo àti àárẹ̀, ṣé ohun kan náà ni?

Ó rẹ̀ mí yàtọ̀ sí ó ti sú mi. Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tó rẹ̀, bó bá sùn, á jí saka. Ẹni tí nǹkan ti sú, oorun kò wò ó.

Àjọ HSE, tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé másùnmáwo gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn nígbà tí ẹrù tí wọ́n gbé lé e bá ju agbára rẹ̀ lọ. Àìsàn kọ́ ni lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó lè di àìsàn: ẹ̀jẹ̀ ríru, àìróorunsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní burnout tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní New York, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1974, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àánú pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan. Ó rí i pé àwọn tó fi gbogbo ọkàn wọn sí iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣubú. Christina Maslach, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mìíràn ní California, wá fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀, ó sì ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2019, àjọ ìlera àgbáyé WHO kọ ọ́ sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí iṣẹ́ ń fà, wọn kò sì pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun mẹ́ta la fi ń dá a mọ̀: okun á tán pátápátá, ọkàn á jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kó máa bínú sí i, ẹni náà á sì rò pé òun kò wúlò níbi iṣẹ́ mọ́.

Èkejì ló burú jù nínú iṣẹ́ kẹ́à. Bí ọkàn ẹni tó ń to páálí bá jìnnà sí páálí, kò sí ẹni tó pa lára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti jìnnà sí Màmá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ń wẹ̀ fún, omi náà á ti tutù kó tó rántí fọwọ́ kàn án wò.

## Kí ló ń fà á gan-an?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìtọ̀ tí wọ́n ń nù ni wàhálà iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń ṣe é, ẹ ó gbọ́ pé ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mọ́ lára. Ohun tó ń jẹ wọ́n tán ni àkókò.

Ẹ jẹ́ ká wo òwúrọ̀ kan nínú iṣẹ́ ojúlé. Rótà orí fóònù sọ pé aago méje sí méje ààbọ̀ ni ilé àkọ́kọ́, méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ ni ìkejì. Ogún ìṣẹ́jú ni mọ́tò ń rìn láàárín àwọn ilé méjèèjì. Níbo ni ogún ìṣẹ́jú yẹn wà lórí rótà? Kò sí níbẹ̀. Nínú kí ó gé e kúrò lára àkókò Bàbá àkọ́kọ́ tàbí kó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá kejì, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, áàpù á sì máa ka ìṣẹ́jú tó dé àti ìṣẹ́jú tó jáde. Bó bá fi máa di alẹ́, ó ti lè lo wákàtí mẹ́rìnlá níta, kó sì jẹ́ pé wákàtí mẹ́jọ péré ni owó wọlé fún. Àjọ NICE, tó ń fún àwọn oníṣẹ́ ìlera ní ìmọ̀ràn, ti sọ láti ọdún 2015 pé kò yẹ kí ìbẹ̀wò máa kéré sí ààbọ̀ wákàtí, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Síbẹ̀, ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì dópin.

Owó ìrìn náà jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣì mọ̀. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù sọ pé àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń ti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn jẹ́ àkókò iṣẹ́. Bí wọ́n bá da owó tó gbà pọ̀, tí wọ́n pín in sí gbogbo wákàtí náà, kò gbọdọ̀ dín sí iye tí òfin sọ, tó jẹ́ £12.21 fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù Kẹta ọdún 2026. Ọ̀rọ̀ sísùn síbi iṣẹ́ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà dájọ́ pé ẹni tó sùn sí ilé aláìsàn lóru, tí wọn kò jí i, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tó kéré jù náà fún wákàtí tó fi sùn. Ìgbà tí wọ́n bá jí i tó ṣiṣẹ́ nìkan ni òfin kà. Ẹni tó ti sùn sójú kan rí, tó ń retí pé wọ́n lè pe òun nígbàkigbà, mọ̀ pé oorun ajá ni irú oorun bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé ìtọ́jú, iye ènìyàn ló ń fa ìjàngbọ̀n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ènìyàn méjì ló sábà máa ń gbà. Bí ẹnì kan kò bá wá sí ṣíìfù, ẹni tó kù á wo ojú arúgbó tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á wo ẹ̀rọ, á sì wo ìlànà tó ní kò gbọ́dọ̀ dá a lò. Bó bá dá a lò tí èèyàn sì ṣubú, òun ló jẹ̀bi. Bí kò bá lò ó tí arúgbó tọ̀ sára, òun náà ló jẹ̀bi. Robert Karasek, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní ọdún 1979 pé ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò sì ní agbára láti pinnu bó ṣe máa ṣe é, ibẹ̀ ni ara ti máa ń kọ̀ jù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú ní aago mẹ́fà ìdájí nìyẹn gẹ́lẹ́.

Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé náà tún wà níbẹ̀. Ta ni wọ́n máa ń fi sí yàrá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti rá, tó ń gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́? Ta ni wọ́n ń fún ní ṣíìfù ọjọ́ Kérésì? Bí àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì bá sọ Yorùbá ní yàrá ìsinmi, ta ló lọ fẹjọ́ sùn? Arúgbó kan lè ní òun kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú fọwọ́ kan òun. Àìsàn rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ ọ kì í ṣe etí àìsàn. Ohun tí máníjà bá sọ lẹ́yìn ìyẹn ló ń pinnu bóyá òṣìṣẹ́ á padà wá lọ́la pẹ̀lú ọkàn tó pé. Nígbà tí HSE to ohun tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ nítorí másùnmáwo, wọ́n kò mẹ́nu ba ìwọ̀n iṣẹ́ nìkan. Wọ́n fi àtìlẹ́yìn kún un, àti àjọṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́, àti kí oníkálukú mọ ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀.

Ikú ńkọ́? Òṣìṣẹ́ lè tọ́jú ènìyàn kan fún ọdún méjì, kó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kó mọ bó ṣe ń fẹ́ tíì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, yàrá náà á ti ṣófo. Nígbà mìíràn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ni ẹlòmíràn á ti dé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Àwa tí wọ́n tọ́ pé a kì í pe àgbà lórúkọ, tí wọ́n wá kọ́ láti máa pe ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní “John” nítorí ohun tó fẹ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè é ní Daddy nínú ọkàn. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè ọ̀fọ̀ nínú rótà.

## Kí ni físà wá ní í ṣe pẹ̀lú èyí?

Ẹni tó jẹ́ ọmọ onílùú, bí ibi iṣẹ́ bá ti burú jù, á kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́à ní England ló ń fi ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún kan. Ìkúrò yẹn ni ohun ìjà òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré.

Ohun ìjà yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí físà. Ìwé CoS, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ fún un, ló fi wọ̀lú. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, tàbí tí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, bá gba ìwé àṣẹ tó fi ń ṣe spọ́nsọ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ náà, wọ́n sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 60 láti wá spọ́nsọ̀ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ sílé. Ọjọ́ 60 fún ẹni tó ní ilé gbígbé láti sanwó fún, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nílé ìwé. Nítorí náà, bí máníjà bá ní kó ṣe ṣíìfù keje léra, á ṣe é. Bí wọn kò bá san owó ìrìn, á dákẹ́. Kò ṣẹṣẹ̀ dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti mọ̀.

Àwọn mìíràn sì ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1973 kò gba kí aṣojú gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Láti ìparí ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ti owó CoS sí òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ ẹni tó san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fún aṣojú. Àdéhùn mìíràn tún wà tó ní bí òṣìṣẹ́ bá kúrò kí ọdún mélòó kan tó pé, á san owó padà.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìròyìn David Neal, tó ti jẹ́ olùbẹ̀wò àgbà lórí ètò ìwọ̀lú tẹ́lẹ̀, jáde. Ó ṣàlàyé pé Home Office fọwọ́ sí CoS 275 fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan láyé, àti 1,234 fún ilé iṣẹ́ kan tó sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni òun ní nígbà tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn èèyàn ta dúkìá wọn, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò sí iṣẹ́. Láàárín oṣù Keje ọdún 2022 àti oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́à tó ju 470 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ju 39,000 lọ. Nítorí wọn ni ìjọba fi ṣòfin pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ tó bá wà ní England gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ nínú àwọn tí spọ́nsọ̀ wọn ti bàjẹ́, kó tó lè mú ẹni láti òkè òkun, kí wọ́n tó wá ti ilẹ̀kùn òkè òkun náà pa ní oṣù Keje.

Ibí yìí ni àbá ọdún 15 ti bá ọ̀rọ̀ másùnmáwo pàdé. Ẹni tó ní ọdún márùn-ún láti fara dà á lè máa ka ọjọ́. Mélòó ni èèyàn ń kà nínú ọdún 15?

## Kí ló dé tí wọn kì í sọ fún ará ilé?

Ìtìjú ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí ayélujára, pé ìdí òyìnbó lo lọ nù ní London, ti pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Àkúrẹ́ kò fẹ́ kí àwọn tó fi sílẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Á ya fọ́tò nínú yìnyín, á fi ránṣẹ́, á sì fi owó ìwòsàn Ìyá ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Ìyá tirẹ̀ lè máa ṣàìsàn nílé, kó sì jẹ́ pé ìyá ẹlòmíràn ló ń wẹ̀. Ìbànújẹ́ yẹn kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń dárúkọ bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wa.

Iṣẹ́ tí kò ṣeé fi sọ̀rọ̀ nílé, tí kò sì ṣeé fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi iṣẹ́, ibo ni ẹrù rẹ̀ fẹ́ gbà jáde?

## Kí ni oníkálukú ń sọ?

Àwọn agbanisíṣẹ́ ní káńsù ni kí ẹ bi. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ojúlé, Homecare Association, ṣírò pé wákàtí kan kò yẹ kó dín sí £32.14 ní England fún ọdún 2025 sí 2026, kí owó òṣìṣẹ́, owó ìrìn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè pé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ káńsù kì í san tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó National Insurance tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ tún gòkè láti ìdá 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún sí 15. Wọ́n ní ilẹ̀kùn físà tí wọ́n ti pa á tún dín òṣìṣẹ́ kù, ẹrù á sì wọ àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́rùn.

Káńsù ní owó tí ìjọba àpapọ̀ fún wọn ni wọ́n ń ná. Ìjọba ní tirẹ̀ sọ pé físà yìí ti di ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà rẹ́ èèyàn jẹ. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí agbanisíṣẹ́ bá ṣì ń rí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú láti òde, wọn kò ní í fi owó kún owó àwọn tó wà nílé. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á ti jọ máa dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ kẹ́à. Òfin Employment Rights Act ti ọdún 2025 ló gbé e kalẹ̀, ìjọba sì ní òun á fi £500 mílíọ̀nù sí i fún àdéhùn àkọ́kọ́ ní ọdún 2028.

UNISON, tó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tóbi jù lágbo yìí, gba ti owó náà ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí wọ́n tú físà kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo, kó jẹ́ pé iṣẹ́ kẹ́à lápapọ̀ ló so mọ́, kí òṣìṣẹ́ lè ti ibi tó burú bọ́ sí ibi tó sàn láìsí ìbẹ̀rù ọjọ́ 60. Nínú gbogbo àbá tó wà nílẹ̀, èyí nìkan ló kan ìdákẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè yìí tààrà.

## Ṣé ó kan ẹni tí wọ́n ń tọ́jú?

Ó kàn án gan-an. Ní ọdún 2011, BBC gbé fídíò jáde láti Winterbourne View, ilé ìwòsàn kan nítòsí Bristol fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò yára, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lu wọ́n, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Mọ́kànlá nínú wọn ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, mẹ́fà lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé nọ́ọ̀sì àgbà kan níbẹ̀, Terry Bryan, ti kígbe ṣáájú. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá, ó sọ fún CQC tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò. Wọn kò dá a lóhùn tó bó ṣe yẹ.

Bryan kò ní físà tó ń bẹ̀rù fún, ó sì tún gbà á ní agbára ńlá kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Bí ẹni tó rí ìwà ìkà bá mọ̀ pé ẹnu òun lè lé òun kúrò nílùú, arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló pàdánù olùṣọ́ rẹ̀.

## Ẹ̀tọ́ wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí físà?

Ẹ̀tọ́ tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń sọ fún un lọ. Òfin ààbò níbi iṣẹ́ ti ọdún 1974 àti ìlànà ọdún 1999 kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí ìwé ìwọ̀lú: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ ewu iṣẹ́ wò, másùnmáwo sì wà lára ewu náà. Òfin ọdún 1998 lórí àkókò iṣẹ́ sọ pé wákàtí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 48 lọ́sẹ̀ lọ ní ìpíndọ́gba, àyàfi bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda, ó sì lè yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá ti kọ ìwé fún wọn. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ láìmọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Òfin mìíràn tó jáde ní ọdún 1998 yẹn kan náà ń dáàbò bo ẹni tó bá tú àṣírí ìwà burúkú níbi iṣẹ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2026, owó àìsàn tí òfin sọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní tí òṣìṣẹ́ kò bá lè wá, kì í ṣe ọjọ́ kẹrin mọ́.

ACAS ń fúnni ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Work Rights Centre ń ran àwọn àjèjì tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́wọ́. Ẹni tó wà lórí físà lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bí ọmọ onílùú, agbanisíṣẹ́ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wà lórí ìwé, ẹ̀rí ni wọ́n sì máa ń bèèrè. Áàpù tó ń ka ìṣẹ́jú, ti agbanisíṣẹ́ ni, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ náà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi máa ń sọ fún ẹni tuntun pé kó ní ìwé kékeré kan nínú àpò: aago tó kúrò nílé, aago tó dé ilé kọ̀ọ̀kan, aago tó jáde, ẹni tó yẹ kó bá a ṣiṣẹ́ tí kò wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i àti ẹni tó fi tó létí. Owó iṣẹ́ tí kò bá òfin mu, ìjọba lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà dé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìwé kékeré yẹn sì lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó fi hàn pé ogún ìṣẹ́jú wà láàárín aago méje ààbọ̀ àti méje ààbọ̀.